Itọ́ méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn àti fáírọ́ọ̀sì EBV

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lọ́sàn-án ọjọ́ Wẹ́sidé kan ni ìyá àgbà kan wọ ṣọ́ọ̀bù oògùn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Pànṣẹ́kẹ́. Aládìrẹ ni wọ́n ní Ìtòkú; èékánná wọn ṣì dúdú fún aró. Wọ́n fa ọmọ-ọmọ wọn lọ́wọ́, ọkùnrin, kò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Ọwọ́ ọ̀tún ọmọ náà ti wú láti ọrùn ọwọ́ dé ìdí ìka, bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi, ara rẹ̀ ń dán. Ọmọ ọ̀hún ò sunkún o. Ó ń fi èjìká nu ọwọ́, ó ń yún un.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó."

Èmi kì í ṣe dókítà. Mo ti ń sọ ọ́ títí ó fi sú mi, ṣùgbọ́n ní Abẹ́òkúta, ẹni tó bá ti dúró sẹ́yìn káńtà oògùn, dókítà náà ni. Wọ́n ní ẹ̀fọn ló jẹ ẹ́ lóru. Kí n tó fèsì, wọ́n ti na fóònù sí mi. Ohùn ọkùnrin kan ni, ọ̀kan nínú àwọn ohùn orí WhatsApp tí kì í sinmi mí. Ó ní àwọn onímọ̀ ti rí i pé ọmọ tí ẹ̀fọn bá jẹ tí ojú ibẹ̀ wú, fáírọ́ọ̀sì kan ni ẹ̀fọn náà fi sí i lára, fáírọ́ọ̀sì ọ̀hún ló sì máa di jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Ó ní ká fi ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́wàá.

Ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni pé kì í ṣe irọ́ gbuu. Irọ́ gbuu kì í ṣòro láti já. Òótọ́ bíi mẹ́ta ni ọkùnrin náà gbọ́ níbì kan, ó wá rò wọ́n pọ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá da gaàrí sínú ọbẹ̀. Ọkàn ìyá àgbà náà kò balẹ̀. Mo fà àga fún wọn, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan.

Itọ́ àkọ́kọ́

Abo ẹ̀fọn nìkan ló ń mu ẹ̀jẹ̀. Akọ rẹ̀, omi dídùn inú òdòdó ló ń lá. Ẹ̀jẹ̀ ni abo fi ń ṣe ẹyin. Ohun tó fi ń gún wa, lójú lásán, ó jọ abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n mẹ́fà ni wọ́n, tín-ín-tín, tí wọ́n wà nínú àkọ̀ kan. Ọ̀nà méjì ló wà láàárín wọn: ọ̀nà kan ni itọ́ ẹ̀fọn ń gbà wọ ara wa, ọ̀nà kejì ni ẹ̀jẹ̀ wa ń gbà lọ sí ikùn ẹ̀fọn. Ọ̀nà méjèèjì kì í pàdé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ìyẹn, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí máa já sí.

Itọ́ yẹn ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì kí ẹ̀fọn tó mu yó. Oríṣiríṣi purotéènì ló wà nínú rẹ̀, ara wa sì máa ń rí wọn bí àlejò tó wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ara á gbé ọmọ ogun dìde, wọ́n á tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní histamine síbẹ̀, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ á fẹ̀, omi á sun jáde láti inú wọn. Ibẹ̀ á wú, á gbóná, á máa yún. Ẹ̀fọn kọ́ ló wú ọwọ́ ọmọ náà. Ara ọmọ fúnra rẹ̀ ló wú u, nítorí itọ́.

Ara sì máa ń kọ́ itọ́ yìí díẹ̀díẹ̀. Ọmọ tí ẹ̀fọn kò jẹ rí, bó bá jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó lè má hàn rárá. Bó bá ń jẹ ẹ́ lemọ́lemọ́, ojú ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wú lọ́jọ́ kejì. Tó bá tún yá, á máa wú lójú ẹsẹ̀, á tún wú lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà, ojú ẹsẹ̀ nìkan ló kù. Nígbà tó bá sì ti pẹ́ lórí rẹ̀, ara á sú, kò ní dá a lóhùn mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọmọdé ló sábà máa ń wú, àgbàlagbà a máa wo ẹ̀fọn bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ìdí kan náà ló ń mú kí ọmọ wa tó ti pẹ́ ní London dé wá ṣe ọdún, kó lo ọjọ́ mẹ́ta ní Òkè-Ìlẹ̀wọ́, kí gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rí kókó-kókó, nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n jọ sùn ní yàrá kan ń fi í rẹ́rìn-ín. Ara rẹ̀ ti gbàgbé ẹ̀kọ́ ni.

Mo bi ìyá àgbà bóyá ẹ̀fọn jẹ àwọn náà lóru ọjọ́ yẹn. Wọ́n fà apá aṣọ sókè. Orí ẹní kan náà ni àwọn àti ọmọ sùn. Ohun tí mo rí kò ju àmì bíńtín mẹ́ta lọ, bí ẹni fi orí abẹ́rẹ́ kàn án.

Ọwọ́ tó wú bíi búrẹ́dì

Èyí tó ṣe ọmọ yẹn ní orúkọ lédè àwọn dókítà. Ní 1999 ni àwọn oníṣègùn kan ní Kánádà kọ̀wé nípa àwọn ọmọdé tí ara wọn ń wú bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ̀fọn bá jẹ wọ́n, wọ́n sì sọ ọ́ ní skeeter syndrome. Skeeter ni àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń pe ẹ̀fọn nínú ẹ̀fẹ̀, bí àwa náà ṣe ń pè é ní yànmùyánmú. Álẹ́jì ni, ìyẹn ni pé ohun kan kò bá ara mu, ara sì kọ̀ ọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ojú lè wú pa, ètè lè tóbi, ẹsẹ̀ lè má wọ bàtà mọ́. Ara ọmọ lè gbóná díẹ̀ pẹ̀lú. Ó ń dẹ́rù bani, àmọ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan sí bí ọjọ́ mẹ́wàá, á rọlẹ̀.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣì í mú ni pé ó jọ kí kòkòrò àrùn wọ abẹ́ awọ, èyí tó ń fẹ́ oògùn apakòkòrò. Lára àwọn èèyàn funfun, wọ́n á ní ibẹ̀ pọ́n. Lára tiwa, pípọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ohun tí ẹ máa rí ni pé ibẹ̀ ń dán, ó dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ, ó sì gbóná tí ẹ bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Aago ló ń bá wa yà á sọ́tọ̀. Ti álẹ́jì, láàárín wákàtí díẹ̀ tí ẹ̀fọn jẹ ẹ́ ló ti wú, yíyún rẹ̀ sì ju dídùn rẹ̀ lọ. Ti kòkòrò àrùn, ó máa ń gba ọjọ́ kan, méjì, mẹ́ta, lẹ́yìn tí ọmọ ti fi èékánná họ ọ́ tó ti bẹ́. Dídùn rẹ̀ ló máa ju yíyún lọ, á sì máa fẹ̀ sí i.

Mo mú báírò, mo fa ìlà róbótó yí ibi tí wíwú náà parí sí ká lára ọwọ́ ọmọ. Ó bi mí bóyá aago ni mo ń yà fún un. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kò kúkú yàtọ̀. Tí ilẹ̀ bá mọ́, tí wíwú bá ti kọjá ìlà, tí ó ń dun ọmọ, tí ibà wà lára rẹ̀, ilé ìwòsàn yá. Tí ó bá ti sún sẹ́yìn ìlà, kí wọ́n jókòó sílé.

Ohun tó ń ràn án lọ́wọ́ kò le: aṣọ tí a rì sínú omi tútù, tí a gbé lé e, oògùn álẹ́jì bíi cetirizine tàbí loratadine, ní ìwọ̀n tó bá ọjọ́ orí ọmọ mu, kalamáìnì, tàbí ìpara hydrocortisone fẹ́ẹ́rẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀. Piriton náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ọmọ á sùn lọ fọnfọn. Ohun tí kò ràn án lọ́wọ́ ni èyí tí mo ń rí lójoojúmọ́: kí á tú kápúsù Ampiclox, kí á bu ìyẹ̀fun inú rẹ̀ lé ojú ibi tí ẹ̀fọn jẹ. Ẹnikẹ́ni tó kọ́kọ́ dá àṣà yẹn sílẹ̀, mo ń wá a.

Ẹ̀yà kan wà tí kò gba àlàyé púpọ̀, torí kò sí àkókò fún un. Bí ẹ̀fọn bá jẹ èèyàn, tí kì í ṣe ojú ibẹ̀ nìkan ló ń wú, tí gbogbo ara sú, tí ètè àti ahọ́n ń wú, tí mímí di ìṣòro, tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, tó ń ṣubú, ó ti di ìjàm̀bá. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ̀fọn fà á. Oyin, agbọ́n àti ẹ̀pà ń fà á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abẹ́rẹ́ adrenaline ní itan ni oògùn rẹ̀. Ẹ má dúró wá oògùn lọ́wọ́ mi, ẹ gba ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín jù lọ.

Itọ́ kejì

Ó wá ku fáírọ́ọ̀sì. Èyí tí ọkùnrin inú fóònù ń pariwo rẹ̀ ń jẹ́ Epstein-Barr, EBV ni wọ́n ń gé e sí. Ilẹ̀ Áfíríkà níbí sì ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Ireland tó ń ṣiṣẹ́ ní Uganda, kọ̀wé ní 1958 nípa àwọn ọmọdé tí kókó ńlá ń sọ ní àgbọ̀n. Ní 1961 ó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní London. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Anthony Epstein wà lára àwọn tó gbọ́ ọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ òfuurufú gbé ègé kókó náà láti Uganda lọ sí London. Ní 1964, Epstein, Yvonne Barr àti Bert Achong, ọmọ Trinidad, kéde pé àwọn ti rí fáírọ́ọ̀sì kan nínú rẹ̀. Ẹ wo orúkọ fáírọ́ọ̀sì náà dáadáa: Epstein wà níbẹ̀, Barr wà níbẹ̀. Achong ńkọ́? Bí ayé ṣe ń pín nǹkan nìyẹn.

Itọ́ ni EBV fi ń lọ láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíì. Itọ́ ènìyàn o. Ìyá tó rún ẹja lẹ́nu kó tó fi sí ọmọ lẹ́nu, ife omi kan tí gbogbo ilé fi ń mu, ṣíbí tí a lá kó tó di ti ọmọ: ọ̀nà rẹ̀ nìyẹn. Nínú àgbàlagbà 100 kárí ayé, ó lé ní 90 tó ti ní i. Lọ́dọ̀ wa níbí, ọ̀pọ̀ ọmọ ti ní i kí wọ́n tó pé ọdún mẹ́ta, láìsí àmì kankan tàbí pẹ̀lú ibà kékeré tí a pè ní ibà eyín. Tó bá sì ti wọlé, kì í jáde mọ́. Á lọ sá pamọ́ sínú ọ̀kan lára àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, èyí tí wọ́n ń pè ní B, á sùn síbẹ̀ títí ọlọ́jọ́ á fi dé.

Mo ní, "Ìyá, fáírọ́ọ̀sì yẹn, ó ṣeé ṣe kó wà lára èmi náà. Ó ṣeé ṣe kó wà lára yín pẹ̀lú."

Wọ́n rọra fa àga wọn sẹ́yìn.

Kì í ṣe ẹ̀fọn ló ń gbé e kiri. Ẹ rántí ọ̀nà méjì yẹn. Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀fọn fà lára Táíwò, ikùn rẹ̀ ló lọ; nígbà tó bá dé ara Kẹ́hìndé, itọ́ ló tu sí i, kì í pọ ẹ̀jẹ̀ Táíwò sí i lára. Kí ohun kan tó lè ti ọ̀dọ̀ ẹ̀fọn wọ ara wa, ó gbọ́dọ̀ là á já nínú ikùn rẹ̀, kó gba ibẹ̀ kọjá lọ sí ibi tí ẹ̀fọn ti ń pọn itọ́. Kòkòrò ibà mọ ọ̀nà yẹn. Ó ń gbà á tó bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá kó tó débẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ àti ti dengue mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. EBV kò mọ̀ ọ́n. HIV kò mọ̀ ọ́n. Inú ikùn ẹ̀fọn ni wọ́n máa kú sí bí oúnjẹ yòókù.

Ibi tí itọ́ méjèèjì ti pàdé

Kí ló wá pa EBV àti ẹ̀fọn pọ̀? Ara àwọn èèyàn kan ni, wọn kò pọ̀ rárá. Lára wọn, fáírọ́ọ̀sì náà kì í dúró sínú sẹ́ẹ̀lì B. Ó máa ń wọ inú irú sẹ́ẹ̀lì mìíràn tí wọ́n ń pè ní NK. Iṣẹ́ NK nínú ara ni iṣẹ́ ọlọ́dẹ àdúgbò: á máa rìn kiri, sẹ́ẹ̀lì tó bá rí tó ti bàjẹ́ tàbí tí fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀, á pa á. Olè wá lọ ń gbé nínú ilé ọlọ́dẹ. Ta ló máa fura? Àwọn NK tí fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀ yìí á wá máa bí sí i, wọ́n á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọjọ́ tí ẹ̀fọn bá jẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀, sẹ́ẹ̀lì mìíràn tó mọ itọ́ ẹ̀fọn, irú èyí tí wọ́n ń pè ní T, á fi igbe ta. Nínú yàrá ìwádìí ní Jàpáàn ni wọ́n ti rí i pé igbe yẹn gan-an ló ń jí fáírọ́ọ̀sì tó sùn sínú NK. Ìjà itọ́ ẹ̀fọn lásán á di ìjà mìíràn, àwọn NK á ya wá síbi tí ẹ̀fọn ti jẹ ẹ́.

Ohun tí ojú máa rí yàtọ̀ pátápátá sí ọwọ́ tó wú bíi búrẹ́dì. Ìléròrò á yọ níbi tí ẹ̀fọn ti jẹ ẹ́, omi tàbí ẹ̀jẹ̀ á wà nínú rẹ̀. Á bẹ́. Àárín rẹ̀ á dúdú, awọ ibẹ̀ á kú, á di egbò, yóò sì fi àpá tó jìn sílẹ̀ bí àpá iná. Ibà gidi á dé, kì í ṣe ara gbígbóná lásán, á sì lo ọjọ́ mélòó kan. Kókó abẹ́ abíyá àti ti ọrùn á wú. Ẹ̀dọ̀ àti ọlọ inú lè wú pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ á rọlẹ̀, ọmọ á máa ṣeré bọ́ọ̀lù, títí ẹ̀fọn mìíràn á fi tún jẹ ẹ́. Nígbà náà, gbogbo rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Títún bẹ̀rẹ̀ yẹn ni kí ẹ máa wò. Egbò kan lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe àìsàn yìí.

Nínú ogún ọdún àkọ́kọ́ láyé ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí ìtàn wọn wà nínú ìwé àwọn oníṣègùn, ọmọ Jàpáàn ni wọ́n; àwọn kan wà ní Kòríà, Táíwánì, Ṣáínà àti Mẹ́síkò. Mi ò rí ọ̀kan rí láti ìgbà tí mo ti ń ta oògùn, ó sì ṣeé ṣe kí n fẹ̀yìn tì láìrí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ti wọlé ni pé lára àwọn kan nínú àwọn aláìsàn wọ̀nyí, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ tàbí púpọ̀, àwọn NK tó ń bí sí i yẹn lè di jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ lóòótọ́, tàbí kí àwọn ọmọ ogun ara máa jẹ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tiwọn fúnra wọn. Nítorí bẹ́ẹ̀, àwọn dókítà kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ohun tó lè wò ó tán ni pípààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun, kí ara lè máa ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun tí kò ní NK olè nínú. Ọkùnrin inú fóònù gbọ́ èyí, ó wá yí i sódì. Ẹ̀fọn kò fún ẹnikẹ́ni ní jẹjẹrẹ níbẹ̀. Nǹkan ti bàjẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ojú ibi tí ẹ̀fọn jẹ ni ìwà rẹ̀ ti kọ́kọ́ hàn síta.

Ohun kan tún wà tó lè da èèyàn láàmú. Àgbọ̀n wíwú tí Burkitt rí yẹn wà lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà pẹ̀lú, jẹjẹrẹ ọmọdé ni, ibi tí ibà ẹ̀fọn bá pọ̀ sí ló sì pọ̀ sí. Ẹ̀fọn tún wọ inú ìtàn EBV níbẹ̀, àmọ́ ẹnu ọ̀nà mìíràn ló gbà: kòkòrò ibà ló gbé wọlé, ibà àlemọ́lemọ́ yẹn ló ń dá agbára ara dúró títí EBV inú sẹ́ẹ̀lì B fi rí àyè. Kò ní í ṣe pẹ̀lú bóyá ojú ibi tí ẹ̀fọn jẹ wú tàbí kò wú. Mo rò pé ìtàn méjì wọ̀nyí, ti Jàpáàn àti ti àgbọ̀n ọmọ Áfíríkà, ni ọkùnrin yẹn fi se àsè.

Fáírọ́ọ̀sì tí ó yẹ ká bèèrè lọ́dọ̀ wa

Bó bá jẹ́ tèmi ni, EBV kọ́ ni mo máa kọ́kọ́ rò ní Abẹ́òkúta bí àgbàlagbà bá wọlé tó ní ibi tí kòkòrò ti jẹ òun kò jinná mọ́. HIV ni. Kì í ṣe pé ẹ̀fọn gbé e wá, a ti sọ ìyẹn. Ara tí HIV ti ń jẹ agbára rẹ̀ ló máa ń hùwà òdì sí itọ́ kòkòrò. Á sú kókó-kókó dúdú, líle, tó ń yún kíkankíkan, ní apá àti ẹsẹ̀, ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù pípẹ́. Ní 2004 àwọn onímọ̀ tó gé awọ irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ wò ní Uganda rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jọ ojú ibi tí kòkòrò ti jẹ èèyàn. Ọ̀pọ̀ ti fi owó ìpara tán, wọ́n ti wẹ ọṣẹ dúdú oríṣi mẹ́jọ, kí ẹnì kan tó sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Oògùn HIV ló ń mú kókó yẹn lọ. Àyẹ̀wò rẹ̀ kì í pẹ́, ọ̀fẹ́ sì ni ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba.

Bákan náà, bàbá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí ẹ̀fọn ti ń jẹ láti kékeré láìwú, tí ó wá ń lé ròrò lójijì bí kòkòrò bá ti fẹnu kàn án, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò iye sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀. Àwọn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan tó jẹ́ ti àgbàlagbà máa ń fi irú àmì bẹ́ẹ̀ hàn.

Mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé bí egbò bá dúdú tí kò sì jinná. Ẹnì kan á ní ọfà ni wọ́n ta á, ẹlòmíì á ní àsasí ni, wọ́n á sì gbé ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti máa sín gbẹ́rẹ́ sí egbò tó ti ń rà tẹ́lẹ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Kí ó ṣáà kọ́kọ́ gba ilé ìwòsàn kọjá.

Tí ẹ bá débẹ̀, tí ọmọ ní egbò, ibà àti àpá léraléra bí mo ṣe ṣàlàyé, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: ìgbà mélòó, oṣù wo, ibà lo ọjọ́ mélòó. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ nígbà tó ṣì wà ní ìléròrò, torí nígbà tí ẹ bá fi máa rí dókítà, ó lè ti di àpá. Wọ́n á ka sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, wọ́n á wo ẹ̀dọ̀, wọ́n lè wo èròjà álẹ́jì inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní IgE, wọ́n sì lè gé díẹ̀ nínú awọ náà wò. Ti EBV gan-an, ẹ ṣọ́ra níbẹ̀. Àyẹ̀wò kan wà tó ń bèèrè pé ṣé EBV ti wọ ara ẹni yìí rí. Tí ẹ bá fi í yẹ gbogbo ọjà Kútọ̀ wò, ẹ máa rí "bẹ́ẹ̀ ni" lára ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, kò sì ní túmọ̀ sí nǹkan kan. Èyí tó wúlò ni èyí tó ń ka iye EBV tó ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, tó sì ń wò ó bóyá inú NK ló wà. Dókítà ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣètò ìyẹn. Ẹ má san owó àyẹ̀wò àkọ́kọ́ yẹn fún yàrá àyẹ̀wò ẹ̀gbẹ́ títì kí ẹ wá máa sunkún lórí ìwé.

Ti ẹ̀fọn fúnra rẹ̀, gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n: nẹ́ẹ̀tì lálẹ́, aṣọ alápá gígùn fún ọmọ tó máa ń wú, ká da omi inú ike àti táyà nù. Èyí tí a kì í rántí ní ìlú wa olókùúta ni àpáta. Irú ẹ̀fọn kan wà, Aedes vittatus, tó fẹ́ràn láti máa yé sínú omi òjò tó dúró sínú ihò àpáta. Ẹ̀yìnkùlé ilé mélòó ló wà ní Abẹ́òkúta tí kò ní òkúta?

Ìyá àgbà náà ra kalamáìnì àti cetirizine. Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n bi mí bóyá mo lè fún àwọn ní báírò yẹn. Mo fún wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi. Wíwú náà ti fà sẹ́yìn, ó ti fi ìlà róbótó sílẹ̀ ní fífẹ̀ ìka méjì. Apá àwọn fúnra wọn náà wà nínú fọ́tò ọ̀hún. Ọmọ náà ti fa ìlà róbótó mẹ́ta síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan yí àmì bíńtín kan ká, níbi tí nǹkan kan kò wú.